Ọkọ̀ Ọ̀gá Tí Apá Wa Ká

  Ní oṣù tí ó kọjá, mo ṣe ìlérí pé n ó dáhùn ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa kan, olùkọ́ ni, bi mí lẹ́yìn ìpàdé. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ nígbà náà. Ó ní owó àjọ òun ti pé, ìyá ìyàwó òun sì ti fi díẹ̀ kún un. Òun kò fẹ́ ọkọ̀ jákujàku tí àwọn àna yóò máa fi ojú tín-ín-rín wò. Ọkọ̀ ọ̀gá ni òun fẹ́, irú èyí tí àwọn olórí ilé iṣẹ́ ńlá máa ń jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?"

N kò bá a wí. Ohun rere kò sí ẹni tí kò wù. Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ rántí ìgbà tí ọkọ̀ ọ̀gá ní ilẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọ̀kan ṣoṣo lọ, èyíinì ni Peugeot 504. Ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Akọ̀wé àgbà ìjọba ń gùn ún, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ń gùn ún, ọ̀gá ọlọ́pàá ń gùn ún. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n dáwọ́ ayọ́kẹ́lẹ́ 504 dúró ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ní Kàdúná ó ṣì ń jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ẹwà ni ó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì abẹ́ igi, bí ó wà ní Sókótó bí ó wà ní Àgbádárìgì, mọ̀ ọ́n tú, ó sì mọ̀ ọ́n tò padà, ọjà tí kò ní ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kìíní kì í ṣe "Báwo ni yóò ti rí lójú àna?" Ìbéèrè kìíní ni "Ta ni yóò tún un ṣe fún mi ní Lókòjá níbí, bí ó bá dákú lọ́jọ́ Sátidé?"

Èyí ni mo fi ń bẹ̀rù Mercedes àtijọ́ fún un. Ara rẹ̀ le, ìjókòó rẹ̀ tuni lára, ẹni tí ó bá fi sọ̀kalẹ̀ ní ilé òkú kò ní jókòó lẹ́yìn. Owó tí wọ́n sì ń tà á nísinsìnyí lè máà ju ti Toyota kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ owó gọbọi nígbà tí ó wà ní tuntun, bí owó òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Ohun kékeré bí ìka ọwọ́ lè bàjẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ sí Àbújá tàbí sí ọjà Ládipọ̀ ní Èkó, kí ọkọ̀ sì wà ní àgbàlá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí adìyẹ ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá mọ mẹkáníìkì kan tí ó mọ Benz dáadáa, tí ó sì wà nítòsí, ẹ rà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa kí i bí ó bá ń kọjá.

Ó ku Toyota Camry àti Honda Accord, tí àwọn ọmọ wa ti fún lórúkọ bí ẹni ń kí oríkì: Pencil Light, Big Daddy, Muscle, Baby Boy, End of Discussion. (Ẹni tí ó sọ mọ́tò ní End of Discussion, ó dájú pé kò bá ìyàwó mi jiyàn rí.) Bí ó bá jẹ́ èmi, Big Daddy onípílọ́ọ̀gì mẹ́rin ni n ó kọ́kọ́ wò, èyí tí wọ́n ṣe láti 2002 dé 2006. Ṣéènì ni ó ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a ní láti pààrọ̀ ní gbogbo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún kìlómítà bí ti Camry tí ó ṣáájú rẹ̀. Muscle lẹ́wà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún onípílọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 2007 sí 2009. Púpọ̀ nínú wọn ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí ti ń mu ẹmu. Àwọn Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi kún àkókò tí wọn yóò fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Accord onípílọ́ọ̀gì mẹ́fà, gíà ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní ọdún 2004, Honda pe ọkọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí gíà, Accord onípílọ́ọ̀gì mẹ́fà ti 2003 àti 2004 sì wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, pílọ́ọ̀gì mẹ́fà ń jẹ epo. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, mo ti rí ọkọ̀ ọ̀gá tí olówó rẹ̀ ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ibi iṣẹ́.

Ẹni tí ó ń tà lè sọ pé ọkọ̀ òun jẹ́ ti 2007 nígbà tí ó jẹ́ ti 2004. Ẹ má bá a jà. Ẹ wo nọ́ńbà ṣésì ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo àmì tí ó wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 4 ni 2004, 7 ni 2007, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Kí nọ́ńbà náà sì bá ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, nítorí ọkọ̀ tí kò san owó ibodè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohunkóhun.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ó mú mi mú kálàmù gan-an ni èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, gbogbo wa rí i bí odò Ọya àti Bẹ́núè ti kún, tí omi bo ọ̀nà Àbújá ní Koton Karfe, tí Ganaja di odò. Omi lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí ó mu omi kò bá omi lọ. Wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n kùn wọ́n, wọ́n tà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni mo rà ní oṣù kejì ọdún 2023. Camry dúdú ni, ó ń dán bí bàtà sójà. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó tà á fún mi. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn, òórùn lọ́fínńdà ni ó kọ́kọ́ kí mi. Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tuntun. Inú mi dùn, mo ní ẹni tí ó lò ó mọ nǹkan í tọ́jú. Owó àjọ mi wà níbẹ̀, ìdajì owó ọjà ìyàwó mi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ fúnra rẹ̀, tí fèrè ń dún lóru bí ẹni tí a lù. Lọ́jọ́ tí a ń lọ síbi òkú bàbá àna mi ní Ẹ̀gbẹ̀, a kọjá Kàbbà, ilẹ̀ ń ṣú, gbogbo iná ojú rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kú. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ méjì, aṣọ ẹbí àti ìkòkò ọbẹ̀ méjì. Inú pálọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí ni a sùn sí. Ọlọ́run yóò bá wa bù kún ẹni náà. Wọ́n ti sin bàbá kí a tó dé. Nígbà tí rewáyà ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè ní Lókòjá, ẹrẹ̀ odò gbígbẹ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti là bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo sọ òtítọ́ fún ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ mi, owó tí mo gbà kò sì tó ìdajì èyí tí mo san. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ra ohunkóhun tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìyàwó mi ni í kọ́kọ́ tẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí òun kọ́ mi. Bí ọkọ̀ bá ń rùn lọ́fínńdà jù, ẹ ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá. Ibi tí omi dé yóò fi ìlà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ gbé táyà ìpààrọ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀tì, kí ẹ fi ọwọ́ ha ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wo nọ́ọ̀tì tí ó de ìjókòó mọ́lẹ̀: bí ìpata bá bò ó nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán, ẹ kí onítọ̀hún pé ó dàárọ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ́ńjìnnì náà tutù. Ẹni tí ó ti ta á kí ẹ tó dé ń fi èéfín àkọ́tàn pa mọ́ fún yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, ooru ni ọ̀tá yín. Lókòjá wà ní àárín òkè Pàtí àti odò, ooru ibẹ̀ kò ṣe é fi ẹnu sọ, ráditọ̀ sì ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì wa, bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n yọ tẹmọsítáàtì sọnù, kí wọ́n so fáànù mọ́ iná tààrà. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹmọsítáàtì kì í dé ìwọ̀n ooru tí ó yẹ ẹ́, ó ń jẹ epo ní àjẹjù, ohun tí ó ń mú un gbóná sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán ń dá ìpata sínú ráditọ̀. Kúláàǹtì ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, kí ẹ sì máa fa ọ̀pá rẹ̀ wò ní ọjọọjọ́ Àìkú kí ẹ tó lọ sí ìsìn. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbọn fílítà afẹ́fẹ́. Táyà tòkunbọ̀, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lára rẹ̀: 3514 ni ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014, ẹ dá a padà fún un.

Ti bíréèkì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí kò sí ará Felele tí ó gbàgbé ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà tí ọkọ̀ epo kan tí wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ já, ya lu àwọn ọkọ̀ tí ó wà ní ọ̀nà wa níbí, tí ó lé ní ogún ènìyàn tí ó kú, àwọn ọmọ ilé ìwé gíga Póli àti ọmọ kékeré sì wà nínú wọn. Ọkọ̀ tiwa kéré sí ti epo, ṣùgbọ́n omi bíréèkì rẹ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ó bá gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Òkénè, yóò hó, ẹsẹ̀ yín yóò sì wọlẹ̀ lórí pẹ́dà láìsí ohun tí ó dá a dúró. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti àṣọ ẹbí kan.

Sí àbúrò wa olùkọ́: mo ti bá mẹkáníìkì mi sọ̀rọ̀, ó ní òun yóò bá ọ lọ wo ọkọ̀ tí o rí náà lọ́jọ́ Ẹtì, láàárọ̀. Ìyàwó mi ní òun náà ń bọ̀. Ọmọkùnrin ni ìyàwó rẹ̀ bí, ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wà ní ojú ewé ìròyìn ẹbí.