Patanmọ́ àti Ìtìjú Olùkọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ewéko kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ta ni ó gbé Àgbàdo-Èkìtì tàbí Ìkẹ́rẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n? Ó ń fà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àti ní pápá iléèwé, ẹ̀gún wà lára rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì rí róbótó. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá kàn án, kíá ni yóò ká ewé rẹ̀ pọ̀. Patanmọ́ ni.

Mo wà ní kíláàsì kan rí níbi tí olùkọ́ ti béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan dáhùn tokuntokun pé, "Patanmọ́!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ lejú mọ́ ọn pé kí ó yé sọ ìsọkúsọ, ó sì kọ Mimosa pudica sí ojú pátákó, ó ní èyí ni orúkọ tí ó mọ́.

Ǹjẹ́ ó mọ́ ní tòótọ́? Carl Linnaeus, ará Swídìn, ni ó fún un ní orúkọ náà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1753. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni pudica ní èdè Látìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni onítìjú, obìnrin tí ó pa ara rẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò kan náà ni ó bí pudenda, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn Òyìnbó fi ń pe ibi tí gbogbo wa ń fi aṣọ bò. Ẹ wá wò ó: olùkọ́ sá fún itan, ó bọ́ sí ibi tí itan ń ṣọ́! (Itan ni mo wí o, n kò wí ìtàn.)

N kò bá Linnaeus jà. Amẹ́ríkà ni ewéko yìí ti wá, nítorí náà àlejò ni ó jẹ́ fún un, àlejò ni ó sì jẹ́ fún àwọn baba wa. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ àwọn méjèèjì wò ó, ojú kan náà ni wọ́n fi rí i. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ti àwọn baba wa péye jù. Ohun inú ọkàn ni ìtìjú, ewéko kò sì ní ọkàn. Pípadé ni ojú rí, òun náà sì ni orúkọ Yorùbá sọ: ó pa itan mọ́. Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ pé ibi kan tí ó wú díẹ̀ wà ní ìdí ewé. Bí a bá fọwọ́ kàn án, omi a sá kúrò ní apá kan ibẹ̀, ewé a sì tẹ̀. Bí omi bá padà, ewé a tún là.

Eré tí ó wà nínú orúkọ náà kò tán síbẹ̀. "Pa" àti "mọ́" yìí kan náà ni a fi ń pa ẹnu mọ́, tí a fi ń pa àṣírí mọ́, tí a fi ń pa owó mọ́. Pierre Verger fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Ewé, tí ó jáde ní 1995, pé àwọn babaláwo a máa mú ọ̀rọ̀ ìṣe inú orúkọ ewé láti fi pàṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe. Ẹni tí ó gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan péré ni ó gbà.

Bí ẹ̀kọ́ yìí bá kàn mí, n ó kó àwọn ọmọ jáde sí pápá. Kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ketekete, kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà n ó kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, patanmọ́ ni yóò ṣíwájú. Ọmọ kan yóò sì di aago mi mú, kí ó ka iye ìṣẹ́jú tí ewé náà yóò lò kí ó tó tún là.