Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Ẹni Tó Ń Kọ Kóòdù ní Owódé

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ju ara rẹ̀ lọ ni a máa ń pa òwe yìí fún: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A ti pa á bẹ́ẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni pé ìkìlọ̀ fún aláìní lásán ni, pé kó má nawọ́ kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Lójú tèmi, òwe náà jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kò ní kí eku má kọ́ ìtẹ́ ńlá. Ohun tó wí ni pé ara eku fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe ara òkété tó ń gbé nítòsí, kì í sì í ṣe ìtẹ́ tí gbogbo eku inú oko ń yìn. Ẹni tó fẹ́ yan ohun tí yóò máa fi kọ sọ́fítíwíà lónìí, ì báà jẹ́ ọmọ Owódé lọ́nà ibodè Ìdíìrokò tó ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ní Federal Polytechnic tó ti wà ní Ìlaròó láti 1979, ni òṣùwọ̀n yìí máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ohun tí gbogbo ayé ń lò ló kọ́kọ́ ń wọ èèyàn lójú.

Kì í ṣe èdè tí a fi ń kọ kóòdù ni mò ń sọ. Ibi iṣẹ́ ni: ojú tí a ń tẹ kóòdù sí, ohun tó ń tọ́ka àṣìṣe, ohun tó ń dán iṣẹ́ wò kó tó jáde. Visual Studio Code tí Microsoft gbé jáde ní 2015 ló gbajúmọ̀ jù. Nínú ìwádìí tí Stack Overflow ṣe ní 2023 láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù kárí ayé, ó ju 70 lọ nínú 100 tó ní òun ń lò ó. Ọ̀fẹ́ ni. Android Studio ti Google náà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí gan-an ló ń ṣini lọ́nà. Ará Owódé tó ń ra ọjà ní Kọ́tonú kì í fi iye tí wọ́n pè é ní ọjà Dàǹtókpà ka èrè. Ó ń ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, ó ń ro owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ó sì ń ro èyí tí kò ní rìsíìtì lójú ọ̀nà Ìdíìrokò, kó tó mọ iye tí ọjà náà jẹ́ nígbà tó bá délé. Ohun èlò ọ̀fẹ́ náà ní owó ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Orí Electron ni wọ́n kọ́ VS Code lé, ìyẹn ni pé odidi aṣàwákiri irú ti Chrome ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn àfikún tí a bá sì kó lé e ń jẹ RAM tiwọn lọ́tọ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB, tí Chrome sì ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, RAM kì í pẹ́ kún, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù rẹ̀ sórí dísíìkì, fáànù á máa pariwo, bátìrì á máa sáré lọ sílẹ̀. Ti Android Studio tún le. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé RAM 8GB ló kéré jù, 16GB bí a bá fẹ́ lo fóònù àfarawé inú rẹ̀. Ká tó tẹ ìlà kóòdù kan ṣoṣo, gígábáìtì mélòó kan ti bá gbígbà á wálẹ̀ lọ. Owó dátà yẹn náà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́: ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100. Epo tí a ń bù sí jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n gidigidi láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní ti ẹ̀bá ibodè, ìyà epo ti ṣáájú ìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ibodè ṣì wà ní títì, Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò ká ẹni tó ń kọ kóòdù ní Victoria Island lára. Wákàtí kan lórí bátìrì ní ìhà tiwa níye lórí ju bí àwọn tó kọ́ VS Code ṣe lè rò lọ.

Nígbà náà, kí ló bá ara eku mu? Fún ẹni tó ń kọ́ Python, Thonny tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Tartu ní Estonia tó o: ó kéré, Python wà nínú rẹ̀, kò sì bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbé e wọlé. Geany wà, Vim tí Bram Moolenaar gbé jáde ní 1991 náà wà. Ẹnì kan lè ní irú àwọn yìí kò lè tọ́ni sọ́nà bí ẹni ńlá. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Láti 2016 tí Microsoft ti gbé ìlànà Language Server Protocol kalẹ̀, ọgbọ́n tó ń dá àṣìṣe mọ̀ ti kúrò ní ti ojú ìkọ̀wé kan ṣoṣo; Neovim, tó jáde láti ara Vim, lè lo èyí tí VS Code ń lò. (Ẹni tí ètò rẹ̀ yóò bá ará ọjà sọ Yorùbá tún ní láti wo fọ́ǹtì. Nínú Unicode, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà àti àmì la so pọ̀, ojú ìkọ̀wé mìíràn a sì máa ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.)

Àtakò tó le jù ni àpẹẹrẹ Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux. MicroEMACS, ohun kékeré kan tó ti wà láti àwọn ọdún 1980, ló ń lò, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà lára èyí tó tóbi jù láyé. Ṣé òwe ti yẹ̀ nìyẹn? Rárá. Ohun tí Torvalds ń ṣe jù lónìí ni kíka kóòdù tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́, kó sì gbà á tàbí kó dá a padà. Ìwọ̀n ohun tí ọwọ́ ń ṣe la ń wò, kì í ṣe ìwọ̀n òkìkí. Nítorí ìdí kan náà ni mi ò fi ní sọ fún ẹni tó ń ṣe áàpù Android pé kó pa Android Studio tì. Iṣẹ́ rẹ̀ nílò rẹ̀. Kó fi wáyà so fóònù ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ dípò fóònù àfarawé, ẹrù náà á fúyẹ́ púpọ̀.

Àwọn kan á ní kí a kúkú gbé gbogbo iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí Replit tàbí GitHub Codespaces, kí ẹ̀rọ ẹlòmíràn máa bá wa ṣe é. Ó dára fún iṣẹ́ wúwo tó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kóòdù rẹ̀ wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó ku àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré kò ní lè bọ́ sí ńlá bí iṣẹ́ bá dé. Eku a máa dàgbà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo Atom, ojú ìkọ̀wé tí GitHub gbé jáde ní 2014, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn. Microsoft ra GitHub ní 2018. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2022, wọ́n ti Atom pa. Kóòdù àwọn tó ń lò ó kò ṣòfò, torí pé fáìlì lásán ni. Ohun tó bá Atom lọ ni ètò àti àfikún tí wọ́n ti fi ọdún tò sínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi 4GB bẹ̀rẹ̀ ní Owódé lónìí, tí kóòdù rẹ̀ wà nínú fáìlì lásán, tí Git ń bá a tọ́jú rẹ̀, kò ní ìlà kan tí yóò tún kọ lọ́jọ́ tí 16GB bá dé.