Ẹ Kun Ìlà Sójú Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Dá Tírélà Lẹ́bi

Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ nípa ìrìnnà sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò láìpẹ́ yìí tí kò ṣeé gbọ́ kéèyàn dákẹ́. Ó ní kí ìjọba fòfin de gbogbo tírélà tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń kígbe bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà bàrá kúrò nínú ìlà rẹ̀, pé bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìjàǹbá tírélà ti parí ní Òkè-Ògùn nìyẹn. Ó tún fi kún un pé ìwà ahun àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń pa èèyàn láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlà kò lè ṣe nǹkan kan lójú ọ̀nà tí kò ní ìlà. Ojú ọ̀nà ló ń pa wá, ojú ọ̀nà sì ni ká kọ́kọ́ bá wí.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe kò le yé èèyàn. Kámẹ́rà kékeré kan wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà ń nù dé. Ó ń wo ìlà tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò bí ọkọ̀ ṣe súnmọ́ wọn tó. Bí táyà bá fẹ́ gun ìlà, tí awakọ̀ kò sì tan tiráfíkétọ̀, ẹ̀rọ á han tàbí kí ìjókòó máa gbọ̀n. Ó tán. Kì í yí sítíárì, kì í tẹ bíréèkì. Actros ti ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz ló kọ́kọ́ gbé e jáde sọ́jà Yúróòpù ní ọdún 2000, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá 2015, òfin ibẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tuntun. Òyìnbó kò ṣe é láṣìṣe. Ojú ọ̀nà tiwọn ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ wá gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Nínú ìlànà àjọ United Nations lórí ẹ̀rọ yìí, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sáré ju 60 km/h lọ ló di dandan kó máa ṣiṣẹ́. Tírélà tó di isu bámúbámú ní Ṣakí, tó ń fi gbogbo ojú yẹ kòtò, ibo ni yóò ti rí 60 sá? Ìlànà kan náà gbà kí ìkìlọ̀ pẹ́ títí táyà iwájú yóò fi kọjá ìta ìlà ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Ní Jámánì, títì ọlọ́dà ṣì wà lẹ́yìn ìlà níbẹ̀. Níbi tí ọ̀gbàrá ti jẹ etí ọ̀nà wa, táyà ti já sínú kòtò kí ẹ̀rọ tó lanu. Ọkọ̀ tó ń sá 80 km/h sì ń lọ ní nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ká má tíì sọ ti ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo gíláàsì àti ìlà tó ṣẹ́kù pọ̀, tàbí ti òjò alẹ́, tí omi orí ọ̀dà ń dán yanran sójú kámẹ́rà.

Èyí tó tiẹ̀ burú jù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni pé bí gbogbo ọkọ̀ bá ti ní ẹ̀rọ, dandan ni kí ìjọba wá kun ìlà. Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́? Ìjọba tí òkú èèyàn kò mú kun ìlà, ṣé ariwo inú ọkọ̀ ni yóò mú un kun ún? Ó ra awò ojú fún ọmọ tí kò ní ìwé, ó wá jókòó, ó ń retí kí awò bí ìwé. Kó gun tírélà láti Ṣakí lọ́jọ́ kan kó wá wò ó. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá yẹ kòtò, tó gun ìlà àárín níbi tó bá ṣì wà, ẹ̀rọ á han. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, awakọ̀ á ti wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á, bí kò bá sì rí i, rewáyà á bá a já wáyà rẹ̀. Bí òkúta bá fọ́ gíláàsì ńkọ́? Tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì, ó yẹ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún ojú kámẹ́rà tò kó tó ríran tààrà. Kí ọ̀gá wa júwe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣakí fún wa.

Kì í ṣe òní ni irú èyí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2016, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọkọ̀ tó ń ṣòwò láti ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré kọjá ìwọ̀n. Ọlọ́kọ̀ náwó, àmọ́ kò sí kòtò kan tó dí nítorí rẹ̀. Àṣà fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn, ọlọ́kọ̀ ló sì máa ń sanwó oògùn.

Àwọn kan á ní oorun ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ kò ní jí awakọ̀ tó ń sùn? Ó lè jí i níbi tí ìlà bá wà. Wọ́n á tún ní ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tó jẹ́ kìlómítà 65 ti di ọ̀tun. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an sì ni mo ń wí: ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Kí wọ́n fi ọ̀dà tó ń tàn bí iná mọ́tò bá bà á kun ìlà, kí wọ́n sì máa tún un kùn kó tó parẹ́. Kí wọ́n gé etí ọ̀nà wókowòko kí táyà tó bá gùn ún máa dún gbọ̀ngbọ̀n. Ìyẹn kò nílò kámẹ́rà, á sì jí ẹni tó ń wa ọkọ̀ àlòkù bó ṣe ń jí ẹni tó ń wa tuntun. Kí wọ́n ṣe ibi tí awakọ̀ tó fi ọ̀sán di ẹrù lè páàkì sí kó sùn, dípò kó máa fi òru sáré ọjà àárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fòfin de tírélà tí kò ní ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ fòfin de sísanwó fún agbaṣẹ́ṣe tó gbé ọ̀nà tí kò ní ìlà sílẹ̀ fún wa.