Ṣé Ìfọwọ́kàn Ni Ó Ń Fún Ọmọbìnrin Lóyún?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kò rọrùn láti sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù tí a ti ń pa á mọ́ra.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan tí a mọ̀ dáadáa. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n pè é síwájú pásítọ̀, ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní, "Kí ni n kò sọ fún ọ tán?" Ọmọ náà dáhùn jẹ́ẹ́ pé, "Mọ́mì, ẹ ní bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn mí, mo lóyún nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ kàn mí ní kíláàsì, n kò lóyún. Mo rò pé ẹ kàn fi ń dẹ́rù bà mí ni." Wọ́n ní kí ó bọ́ aṣọ akọrin, kí ó lọ máa jókòó sẹ́yìn. Ọmọkùnrin tí ó fún un lóyún ṣì ń lu ìlù níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. (A ó padà sórí ìyẹn ní oṣù mìíràn.)

Ìjọba ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún 2001 ni wọ́n ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ fún àwọn ilé ìwé ní Nàìjíríà. Ariwo ta. Àwa onígbàgbọ́ àti àwọn Mùsùlùmí, a jọ pariwo ni, a ní wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣekúṣe. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé ẹbí àti àrùn HIV. Ká sọ òótọ́, bí ọmọ yóò ṣe pa ara rẹ̀ mọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a pariwo kò ṣí ìwé náà wò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Malam Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òbí àti àwọn ilé ìjọsìn. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn?

Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri ilé ní ọdún 2018, nínú 100 ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 19, àwọn 19 ti bímọ tàbí ti lóyún. Nínú 100 tí kò kàwé rárá, 44 ni. Ní Bauchi, 41. Ní Èkó, 1. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ ni ó fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn o. Ní òkè ọ̀hún, ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ nǹkan yàtọ̀ sí ọmọ tí kò mọ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a ṣáà sọ pé "má ṣe é", ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà náà rò. Òfin wọn ti ọdún 1996 ya mílíọ̀nù 50 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba wọn yẹ̀ ẹ́ wò, tí àbájáde jáde ní 2007, àwọn ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ náà kò pa ara wọn mọ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. A kò ní kí ìjọ dẹ́kun àtimáa wàásù ìwà mímọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí a sọ fún pé kí ó má ṣe é, ó yẹ kí ó mọ ohun tí a ní kí ó má ṣe.

Kí ọmọbìnrin tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ ni kí ìyá ti sọ ohun tí ó jẹ́, àti bí oyún ṣe ń dé, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí bàbá pe ọmọkùnrin náà jókòó. Kí ọmọ sì mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan òun, ìbáà ṣe tíṣà, ìbáà ṣe wòlíì, òun lè wá sọ ọ́ nílé, a kò sì ní na òun.

Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sí ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ ni ó ń pọn ọmọ. Ní ìpàdé àwọn ìyá, obìnrin náà dìde. Ó ní èyí tí ó tẹ̀ lé e ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí ẹnì kan jọ̀wọ́ kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ fún un. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wọn fa àga mọ́ ọn, ilẹ̀ sì ṣú kí wọ́n tó dìde.