Ẹ má fi ọmọ tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́

Nídìí ọpọ́n ayò nílé, bí òpè bá kó sọ́wọ́ ọ̀ta, èébú ni wọ́n fi máa ń sìn ín dìde. Àgbà lè fara da ìyẹn, eré ni. Ṣùgbọ́n àwa kan tí à ń mú ọmọ lọ síbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ti di ìwà yẹn mẹ́rù wá. Ọmọ á jáde, omi á ti lé ròrò lójú rẹ̀, bàbá á ní: "Ọmọ kékeré yẹn ló nà ẹ́? Pa ẹnu mọ́, ọkùnrin kì í sunkún!"

Àwọn olùkọ́ òyìnbó kan sì wà, "O káre, kò sí nǹkan kan" ni tiwọn. Ó dùn létí, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ pé nǹkan kan wà: ayaba òun ti lọ!

Mo rí olùkọ́ kan tó ṣe é bó ti yẹ. Ó jẹ́ kí ọmọ náà sunkún tẹ́rùn, ó fún un lómi mu. Nígbà tí ara rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ṣí ìwé tó kọ eré náà sí, wọ́n tún un tò. "Nígbà tí o gbé ẹṣin yìí, kí lò ń rò?" Ọmọ ní: "Ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ kó tètè parí." Àṣé ìkánjú ló pa á. Olùkọ́ ní kó máa fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan títí yóò fi ronú tán.

Ẹ wo Tanítolúwa Adéwùmí. Boko Haram ló lé ìdílé rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Ibùgbé àwọn aláìnílé ni wọ́n wà ní New York nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì ní ilé ìwé P.S. 116, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ kò sì gba owó lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n agbára rẹ̀ (rating), 105, ló kéré jù láàárín àwọn tó kópa. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ó gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ New York láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ká ní wọ́n fi 105 yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ ńkọ́?

Nílé ní Nàìjíríà náà, àwọn tó ń fa ọmọ mọ́ra bẹ́ẹ̀ wà. Láti 2018 ni Chess in Slums Africa tí Túndé Ọnàkọ̀yà dá sílẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí a kò kà sí.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá jáde, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó borí. Ẹ jẹ́ kó jẹun, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ wo eré náà.