Ẹ Má Fi Gèlè Bo Àrùn Orí Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ abẹ́ gèlè àti abẹ́ ìborùn ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin ìyá má bínú sí mi.

Àìsàn kan ń pa irun àwọn obìnrin wa ní àárín orí. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é gùn bí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n wá gé e kúrú sí CCCA. Àtàrí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa fẹ̀ yíká. Ẹlòmíràn á ní orí ń yún òun, tàbí ó ń ta òun; ẹlòmíràn kò ní mọ nǹkan kan lára, irun ibẹ̀ á kàn máa kán. Ibi tí irun ti ń hù lábẹ́ awọ ló wú, bó bá sì jinná, àpá ló ń kù. Àpá kì í hu irun. Nítorí náà, dókítà lè dá àrùn náà dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti di àpá, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó tètè lọ ló ń rí irun kó jọ.

Kì í ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àwọn ayé. Lọ́dún 1968, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé kóòmù gbígbóná ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi kóòmù gbígbóná kan orí rí náà ń ní in. Lọ́dún 2019, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ncoza Dlova ti Durban ní Gúúsù Áfíríkà àti Eli Sprecher ti Ísírẹ́lì, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fi hàn pé àwọn kan bí àléébù mọ́ wọn nínú àbùdá kan tí à ń pè ní PADI3, èyí tó ń mú kí irun dúró bó ti yẹ. Ẹ bi ìyá yín léèrè bí àtàrí tirẹ̀ ti rí. (Èyí kò dá irun tí a dì le koko láre o.)

Níhìn-ín ní Victoria Garden City, onídìrí àti oníṣọ́ọ̀bù oògùn kò jìnnà sí wa. Èèyàn lè lọ sí ọjà Ìkọ́ta, kó dirun, kó ra ìpara, kó sì padà sílé kí wọ́n tó pe Ásárì. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ló jìn: LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà, ẹ sì mọ bí ọ̀nà Lẹ́kí ti ń rí láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìdí nìyí tí ìpara fi ń pọ̀ nílé wa. Èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀ lè mú kí yíyún rọlẹ̀ díẹ̀, kí àrùn náà sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá wá jẹ́ làpálàpá orí ọmọdé ni, ó lè mú un gbilẹ̀. Oògùn mímu bíi griseofulvin ló ń bá ìyẹn dé gbòǹgbò irun.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà àdúgbò, kí ẹ tú irun kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì kó gbogbo ìpara tí ẹ ti lò dání. Dókítà awọ lè pa ojú kan kú lórí yín, kó gé awọ tí kò tó hóró ẹ̀wà kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè fún yín ní oògùn pípa, abẹ́rẹ́ sínú awọ orí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra, àti doxycycline fún oṣù mélòó kan, nítorí pé ó ń mú wíwú rọlẹ̀. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ oògùn yẹn.

Àwọn kan á ní àwọn kò lè ṣí orí níwájú ọkùnrin. Ẹ bèèrè dókítà obìnrin. Bí kò bá sí, àwọn àlùfáà gbà pé ìtọ́jú àìsàn jẹ́ túláàsì. Kí ọkọ tàbí obìnrin mìíràn jókòó tì yín. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé irun lásán ni. Obìnrin tí kì í ṣí orí níwájú ìyá rẹ̀ pàápàá mọ́, nǹkan ń ṣe é.

Kí ọmọ yín máa fi fóònù ya àtàrí yín lóṣooṣù, kí ẹ mú àwọn àwòrán náà lọ fún dókítà.