Yorùbá Ronú: Ta Ni Wọ́n Ní Kó Ronú?

Nígbàkígbà tí ìbò bá ń bọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kì í pẹ́ kí gbólóhùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: Yorùbá, ẹ ronú. Olóṣèlú tó fẹ́ kí àwọn ènìyàn kẹ̀yìn sí alátakò rẹ̀ a fi í ṣe ìkìlọ̀. Ẹni tí ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ a fi í ṣe àròyé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ ọ sì gbà pé òwe àwọn àgbà ni. Kì í ṣe òwe. Orúkọ eré orí ìtàgé tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní ọdún 1964 ni, àwọn tó wà lórí àlééfà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà gan-an ni ó sì dùn dé egungun. Kí ọ̀rọ̀ tí òṣèré fi bá aláṣẹ wí wá di ọ̀rọ̀ tí aláṣẹ fi ń bá ará ìlú wí, ìyípadà ńlá ni, kò sì yẹ kí kíláàsì Yorùbá gbójú fò ó.

Ohun tó bí eré náà kò fara sin. Ní ọdún 1962, ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, fọ́ sí méjì. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́, wà ní apá kan. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tó tún jẹ́ Prẹ́míà, wà ní apá kejì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ sì kéde òfin pàjáwìrì. Akíntọ́lá padà sórí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1963. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé.

Lẹ́yìn èyí ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá gbágbáágbá, pe Ògúndé kí ó wá ṣeré fún wọn ní Ìbàdàn. Ẹni tó pe eléré mọ irú ohun tó fẹ́ gbọ́. Ohun tí Ògúndé gbé wá ni ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọ̀tá, tí ọba fi dèrò ẹ̀wọ̀n. Kò dárúkọ Akíntọ́lá, kò sì dárúkọ Awólọ́wọ̀. Ṣùgbọ́n eré kò ì parí tí Prẹ́míà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi dìde, tí wọ́n sì jáde.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀fẹ̀ wà nìyí. Ẹni tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ kì í tọ́ka. Ẹni tí òkò bá ni yóò ké. Bí Akíntọ́lá bá jókòó, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí aṣọ ìtàgé bọ́ sílẹ̀, ta ni ì bá dìde láàárín gbọ̀ngàn láti sọ pé Prẹ́míà ni wọ́n ń bá wí? Ògúndé kọ ìdajì eré náà, ìdìde yẹn ló kọ ìdajì tó kù.

Ohun tó sì jọni lójú jù ni pé Akíntọ́lá kì í ṣe ẹni tí òwe ṣòro fún. Akọ̀ròyìn ni kó tó di òṣèlú, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service nígbà kan. Nínú àwọn olóṣèlú ayé ìgbà náà, ẹni tó mọ Yorùbá lò bíi tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó mọ bí wọ́n ti ń fi àpárá lé alátakò kúrò ní pápá, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá a máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀fẹ̀ kò yé e. Ó yé e ju bó ti yẹ lọ. Ó kàn jẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ dé bá lọ́jọ́ yẹn.

Ìyà tó tẹ̀ lé e kò kéré. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni ìjọba fòfin dè. Ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé lódindi ni wọ́n kà sí ẹgbẹ́ tí kò bófin mu ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Fún ẹgbẹ́ tó ń ti ìlú dé ìlú, tó jẹ́ pé owó ẹnu ọ̀nà lálaalẹ́ ni oúnjẹ wọn, òfin yẹn gba oúnjẹ lẹ́nu wọn ní àárín àwọn tó gbọ́ èdè wọn jù. Ìjọba òyìnbó náà ti fìyà jẹ Ògúndé rí, nítorí Strike and Hunger àti nítorí Bread and Bullet, èyí tó dá lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n amúnisìn kò lé e kúrò ní gbogbo ilẹ̀ baba rẹ̀. Ìjọba ọmọ ìlú ló ṣe ìyẹn, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn òmìnira.

Àwọn àgbà ní ọba kì í mú òkorin. Ọ̀pọ̀ ìwé a tọ́ka sí òwe yìí bí ẹni pé ojú rere ọba nìkan ló ń dáàbò bo akọrin. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ẹni tó ń kọrin lóru Ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lábẹ́ àbò àwọn ìyá. Nígbà ọdún Òkè'Bàdàn, gbogbo ìlú ló jùmọ̀ ń bú, ta ni wọn yóò mú? Ní ọdún 1826, Aláàfin ní kí àwọn eléégún ṣeré fún àlejò rẹ̀, òyìnbó arìnrìn-àjò Clapperton, ní Ọ̀yọ́ Ilé. Eégún kan di òyìnbó funfun, ó ń rìn tìfuratìfura, ó ń fín aáṣáà, àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Àlejò náà wò ó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú wọn, ń kọrin èébú lórí ọ̀rọ̀ owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949, ọ̀pọ̀ èrò ni àbò wọn.

Ògúndé kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Kò gbé ẹ̀kú wọ̀, kì í ṣe ọjọ́ ọdún, orúkọ rẹ̀ sì wà gàgàrà lára pátákó ìpolówó. Òfin tí wọ́n fi mú un, orí bébà ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí àwọn ìyá tó lè ní kí wọ́n fà á ya.

Ẹnìkan lè sọ pé Ògúndé gbè sẹ́yìn apá kan, òótọ́ sì ni. Ọba inú eré náà mọ́ ju bí olóṣèlú ẹlẹ́ran ara ti í mọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè bóyá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kò ní ẹ̀bi tirẹ̀ béèrè ohun tó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ ilé-ẹjọ́. Ìjọba tó rò pé wọ́n parọ́ mọ́ òun lè fèsì. Èyí fi òfin di ẹnu. Ògúndé ló fèsì, ó gbé Ọ̀títọ́ Korò jáde. Ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 dé, màgòmágó inú rẹ̀ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, wẹ́tìẹ̀ sì gba ìgboro. Kì í ṣe eré kankan ló dá iná yẹn. Eré ti wà lábẹ́ òfin nígbà tí iná ń jó. Àwọn ológun pa Akíntọ́lá ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Fájuyì mú òfin náà kúrò lórí Ògúndé.

Nínú kíláàsì, ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lórí Yorùbá Ronú ni pé ẹ̀kọ́ wo ni ó kọ́ni. Ìdáhùn tó ń gba máàkì ni "ìṣọ̀kan". Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìyẹn nìkan dán olóṣèlú wò, inú rẹ̀ yóò dùn, nítorí kò sí aláṣẹ tí kò fẹ́ kí ará ìlú wà ní ìṣọ̀kan lẹ́yìn òun. Rẹ́kọ́ọ̀dù orin náà ṣì wà, ó sì rọrùn láti rí. Kí olùkọ́ tó lù ú fún àwọn ọmọ, kí ó kọ 1964 sára pátákó, kí ó sì ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó jókòó níwájú nínú gbọ̀ngàn.